Ọ̀pá márùn-ún fún ìlú kan ṣoṣo

Lọ́jọ́ Sátidé kan láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ wá kí mi nílé ní Ọ̀yọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá. Òun náà ti di olùkọ́ báyìí, iṣẹ́ ìwádìí lórí ìlera ọmọdé ló sì ń ṣe. Ó gbé iṣu wá fún mi, ó sì gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ dání. Iṣu ò mú wàhálà kankan wá.

"Prọ́f, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ó jọ pé kọ̀ǹpútà mi ò mọ Ògbómọ̀ṣọ́."

Mo wọ awò mi, mo wo ojú ẹ̀rọ. Àwọn ìyá ọmọ ló kọ orúkọ ìlú wọn sínú fọ́ọ̀mù nígbà tí wọ́n gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà mìíràn, nọ́ọ̀sì ló bá wọn kọ ọ́. Ó wá kó gbogbo fọ́ọ̀mù náà sínú fáìlì kan, ó ní kí ẹ̀rọ ka iye ọmọ tó ti ìlú kọ̀ọ̀kan wá, kí ó sì fi ọ̀pá ya iye náà: bí ọmọ bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀pá ìlú yóò ṣe ga tó. Ọ̀yọ́ ní ọ̀pá méjì, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan ga fíofío. Ògbómọ̀ṣọ́ ní márùn-ún: Ogbomoso, Ogbomosho, OGBOMOSO, Ògbómọ̀ṣọ́, àti Ògbómọ̀ṣọ́ mìíràn. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí jọra bí ìbejì. Mo wò wọ́n títí, n ò rí ìyàtọ̀. Kò sì sí ìkankan nínú márààrún tó ga tó ọ̀pá gíga ti Ọ̀yọ́.

"Ọ̀dọ̀ àwọn tó máa pín fìríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí ni ìwé yìí ń lọ," ó ní. "Bí wọ́n bá wò ó báyìí, wọ́n á ní ọmọ ò pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa."

(Dátà ni wọ́n ń pe irú àkójọ báyìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí. Kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà sórí fóònù o.)

Ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ fún un ni pé kí ó má bú kọ̀ǹpútà. Ohun tí a kọ sí i ló kà. Lójú tirẹ̀, Ogbomoso àti Ogbomosho yàtọ̀ síra bí Òjó ṣe yàtọ̀ sí Àìná. Àwa ni ó yẹ kí a bi léèrè pé ta ló kọ́ wa láti máa kọ orúkọ ìlú kan ní oríṣi márùn-ún. Ìbéèrè yẹn ti lé ní àádọ́jọ ọdún, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà nínú ìtàn rẹ̀ dáadáa. Mo ní kí ó jókòó.

Àwọn arìnrìn-àjò òyìnbó ìgbà ìwáṣẹ̀ ń kọ orúkọ ìlú wa bí etí wọn bá ṣe gbà á, tàbí bí ẹni tó mú wọn wá bá ṣe pè é. Nígbà tí Clapperton dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, Katunga ló kọ sínú ìwé rẹ̀, nítorí pé bí àwọn Hausa ṣe ń pe ìlú náà nìyẹn. Ẹni tó bá ń kó dátà ìtàn jọ lónìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Katunga àti Ọ̀yọ́ Ilé kì í ṣe ìlú méjì. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. (Àwọn àlùfáà Mùsùlùmí wa náà ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá, ìtàn tìyẹn tún yàtọ̀, n ó padà sí i lọ́jọ́ mìíràn.)

Lẹ́yìn náà ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Ìṣòro tó bá òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìjọ CMS ni pé lẹ́tà Látìnì ò tó. Àwọn òyìnbó ní e kan àti o kan. Àwa ní e àti ẹ, o àti ọ, s àti ṣ. Kí ni ká ṣe sí àwọn mẹ́ta tó kù? Ọ̀mọ̀wé Lepsius, ará Jámánì, gbé ìwé kan jáde ní 1855 lórí bí a ṣe lè fi ìlànà kan ṣoṣo kọ gbogbo èdè ayé, fífi àmì sábẹ́ lẹ́tà sì wà nínú ètò rẹ̀. Ní ọdún 1855 yẹn kan náà ni Bowen, ajíhìnrere ìjọ Bàtísì láti Amẹ́ríkà, wá tẹ̀dó sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bowen yìí ló kọ gírámà àti ìwé atúmọ̀ Yorùbá tí ilé-iṣẹ́ Smithsonian tẹ̀ jáde ní 1858. Nígbà tó di 1875, ìjọ CMS pe ìpàdé kan ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí níbẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń kọ sí yín báyìí: ẹ, ọ, ṣ, àti àmì ohùn lókè.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan. Ọwọ́ àti kálámù ni wọ́n fi ṣe ìpinnu yẹn, àti òǹtẹ̀ òjé ilé ìtẹ̀wé. Fún ẹni tó ń fi kálámù kọ̀wé, kíkán kan lábẹ́ o kò ná an ní nǹkan kan. Ẹ̀rọ ló wá sọ kíkán yẹn di ọ̀ràn.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ní Ọ̀yọ́, Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn ńlá rẹ̀ ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ìwé náà sì sọnù sọ́hùn-ún. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Ọbadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù tún un kọ. 1921 ni ó tó jáde. Mo máa ń rántí ìtàn yìí nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé fáìlì òun kan ṣoṣo wà nínú kọ̀ǹpútà òun kan ṣoṣo.

Kí ló wá gbé "sh" dé? Àwọn akọ̀wé ìjọba amúnisìn ni. Taipúráítà tí wọ́n kó wá láti ìlú òyìnbó kò ní àmì ìsàlẹ̀, òyìnbó tó sì ń ka ìwé náà kò mọ̀ pé s tó ní kíkán yàtọ̀ sí s lásán. Bí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe di Ogbomosho nìyẹn, tí Òṣogbo di Oshogbo, tí Ṣakí sì di Shaki, nínú ìwé ìjọba, ní ilé ìfìwéránṣẹ́, lórí máàpù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, èyí tó sọ "aiye" di "ayé" tó sì sọ "enia" di "ènìyàn", ìwé kíkà ilé-ẹ̀kọ́ yí padà. Orúkọ ìlú lórí máàpù ò fi bẹ́ẹ̀ yí. Títí di òní, ẹ ó rí fáìlì máàpù tó kọ Ogbomosho North, ẹ ó sì rí òmíràn tó kọ Ogbomoso North, méjèèjì ní ọdún kan náà.

Mo mú un wọnú yàrá ìwé mi, mo fi iye ìkànìyàn àtijọ́ hàn án. Ní 1952, Ògbómọ̀ṣọ́ ní nǹkan bí ènìyàn 140,000, Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí 72,000. Ní 1963, ìkànìyàn tí àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n kọ nǹkan bí 320,000 fún Ògbómọ̀ṣọ́ àti nǹkan bí 112,000 fún Ọ̀yọ́. Bí a tiẹ̀ bu ìdajì kúrò nínú ti 1963, Ògbómọ̀ṣọ́ ṣì ju Ọ̀yọ́ lọ. Nítorí náà, àwòrán tó bá sọ pé Ọ̀yọ́ ga ju gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́jọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé àwọn ìyá ibẹ̀ ò gbé ọmọ wá. Ṣùgbọ́n kí a tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká yẹ ìwé wò. Èyí ni mo kà sí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹni tó ń ya àwòrán iye: kí ó ti mọ̀, kí ó tó tẹ bọ́tìnì, ohun tí ó yẹ kí ó rí, kí ó lè ta gìrì bí kò bá rí i.

Mo wá dé ibi tó ń dùn mí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló ṣe ètò lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní ASCII ní 1963. Àyè 128 péré ló ní, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì bá mu. Nígbà tó di 1987, àwọn ará Yúróòpù ṣe òmíràn, Latin-1, kí Faransé àti Sípéènì àti Ítálì lè rí tiwọn kọ. Ìyẹn fún wa ní à, á, è, é, ò, ó lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé àwọn náà ń lò wọ́n. Ẹ, ọ àti ṣ ò sí níbẹ̀. A wá ní àmì ohùn, a ò ní lẹ́tà tí a ó gbé e lé.

Ní àwọn ọdún 1990 sí 1999, ọgbọ́n tí a dá ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè ni pé a ṣe fọ́ǹtì tiwa. A mú àmì kan tí a kì í lò, bíi àmì ìdajì tàbí òrùka kékeré ti àwọn onímọ̀ ìṣirò, a pa àwòrán rẹ̀ rẹ́, a ya ẹ sí i. Lójú ẹni tó ní fọ́ǹtì náà, ẹ ló rí. Kọ̀ǹpútà gan-an ṣì gbà pé ìdajì ni. Ó dùn mọ́ wa. Mo fi ọ̀nà yìí tẹ gbogbo àkójọ ọ̀rọ̀ tí mo kó láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, lábúlé àti lóko: orúkọ ewé, orúkọ irinṣẹ́ àgbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe nǹkan ilé ìdáná. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn fún mi ti di ará ọ̀run. Dísíkì tí fọ́ǹtì wà lórí rẹ̀ bàjẹ́. Fáìlì ọ̀rọ̀ ṣì wà. Bí mo bá ṣí i lónìí, ìdajì àti òrùka àti àmì owó ilẹ̀ òkèèrè ló kún inú rẹ̀. Èyí tí mo bá mọ̀, mo lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n a yí fọ́ǹtì náà padà lẹ́ẹ̀kan láàárín iṣẹ́, a sì pààrọ̀ ipò àmì méjì nínú àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ tí n kò bá gbọ́ rí lẹ́nu ẹlòmíràn, n ò lè búra bí wọ́n ṣe ń pè é.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé, "Ẹ má fi àmì kankan sí i mọ́, kí kọ̀ǹpútà má baà dàrú." Àlejò mi wà ní kíláàsì lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́. Ó rántí ọjọ́ náà, èmi náà rántí. Fọ́ọ̀mù tí òun fúnra rẹ̀ ṣe fún àwọn nọ́ọ̀sì, ó kọ sórí rẹ̀ pé kí wọ́n má lo àmì. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan ò gbọ́. Nítorí náà, mo jẹ gbèsè nínú ọ̀pá márùn-ún yẹn.

Unicode ló wá gbà wá, ètò tó fẹ́ fún gbogbo lẹ́tà ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀. 1991 ni apá kìíní jáde. Ibi tí ẹ àti ọ wa ti wọlé níbẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ṣí àtẹ Unicode, ẹ ó rí ẹ àti ọ láàárín àwọn lẹ́tà tí wọ́n kó jọ fún èdè Vietnam! Àwọn náà ń fi kíkán sábẹ́ lẹ́tà. Ìgbìyànjú àwọn ará Vietnam pọ̀ nígbà yẹn: wọ́n ní ètò tiwọn nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀, nítorí náà gbogbo lẹ́tà wọn, pẹ̀lú àmì ohùn lórí àti kíkán nísàlẹ̀, ló ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní nọ́ńbà. Ẹ́ kò ní. Láti kọ ẹ́, ẹ ó kọ ẹ, ẹ ó sì fi àmì òkè tẹ̀ lé e bí lẹ́tà kejì tó gun àkọ́kọ́ lẹ́yìn. Wọ́n sì ti pa ilẹ̀kùn ìfikún irú rẹ̀. Wọn ò ní fún ẹ́ ní nọ́ńbà mọ́.

Ohun tó ya àwọn ìbejì yẹn nípa nìyẹn. Kí ẹ wò ó dáadáa, ẹ jẹ́ ká ka lẹ́tà tó wà nínú Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi tí mo kọ́ yín ní ìró èdè yóò ka méje: O, gb, o, m, ọ, ṣ, ọ, torí pé lẹ́tà kan ni gb nínú a-b-d wa. Ọmọ tó kàn ń fi ojú kà á yóò ka mẹ́jọ. Bí ẹ bá lo Python, tí ẹ ní kí ó sọ gígùn orúkọ náà, ó lè sọ mẹ́wàá: Ò, g, b, ó, m, ọ, àmì ìsàlẹ̀ ohùn, ṣ, ọ, àmì òkè. Bí ó bá jẹ́ orí fóònù tàbí ètò mìíràn ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, tí ìyẹn tú gbogbo lẹ́tà sí wẹ́wẹ́, o lọ́tọ̀, kíkán lọ́tọ̀, àmì ohùn lọ́tọ̀, yóò sọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Méje, mẹ́jọ, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fún orúkọ kan náà! Ọ̀yọ́ pàápàá, tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, ń di márùn-ún lọ́nà kìíní, ó ń di méje lọ́nà kejì. Ìbejì kìíní jẹ́ mẹ́wàá, èkejì jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ojú ò lè rí i. Kọ̀ǹpútà ò sì lè ṣàìrí i.

Nígbà tí mo ní kí ó ka gígùn orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú fáìlì rẹ̀, ó pariwo. "Háà, Prọ́f! Mẹ́sàn-án ni OGBOMOSO!" Mẹ́jọ ló yẹ kó jẹ́. Àyè òfìfo kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan tẹ bọ́tìnì gígùn ìsàlẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.

Àtúnṣe ti àwọn ìbejì ò le. Nínú Python, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ unicodedata.normalize, ẹ fún un ní "NFC" àti orúkọ náà, yóò sọ gbogbo wọn di oríṣi kan. Nínú R, stri_trans_nfc tó wà nínú stringi ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ ṣe é ní kété tí ẹ bá ka fáìlì wọlé, kí ẹ tó ka ohunkóhun, kí ẹ tó so tábìlì kankan pọ̀. str.strip ni yóò gbá àyè òfìfo kúrò. Ohun kan wà tí normalize ò lè tún ṣe o: àwọn kan, pàápàá àwọn tó fẹ́ kí ìwé wọn jọ ti ilé ìtẹ̀wé àtijọ́, máa ń lo igi kékeré nísàlẹ̀ dípò kíkán. U+0329 ni nọ́ńbà igi, U+0323 ni ti kíkán. Lójú Unicode, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó pàṣẹ pé kí ó pààrọ̀ igi sí kíkán. Àwọn ará wa ní Benin sì ń kọ ɛ àti ɔ níbi tí a ti ń kọ ẹ àti ọ, nítorí náà ẹni tó bá ń da dátà Kétu mọ́ ti Ọ̀yọ́ ní iṣẹ́ sí i.

Nígbà yìí ni àlejò mi bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń retí. "Prọ́f, ṣé kì í ṣe kí n kàn gbá gbogbo àmì kúrò, kí n sọ gbogbo wọn di ogbomoso, kí n simi?"

Ìmọ̀ràn mi àtijọ́ ló ń padà bọ̀ wá bá mi. Mo ní rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tán. Ó lè ṣe òpó kejì nínú tábìlì, tí wọ́n gbá àmì inú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sọ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ di kékeré, kí ó fi máa wá àwọn tó jọra. Ṣùgbọ́n òpó àkọ́kọ́, èyí tí ìyá ọmọ kọ, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀ àti oko ń di nǹkan kan ṣoṣo bí a bá gbá àmì kúrò, kò sì sí àṣẹ kankan tó lè dá wọn padà dájúdájú. Iroro Orife gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2018 lórí kíkọ́ ẹ̀rọ láti dá àmì Yorùbá padà. Ẹ̀rọ náà ń gbìyànjú gan-an, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló fi ń mọ̀ ọ́n. Orúkọ ìlú kan ṣoṣo nínú fọ́ọ̀mù ò ní ọ̀rọ̀ kankan láyìíká.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ó má sọ gbogbo "sh" di "s" lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́ọ̀mù ọmọ Gashua lè wà níbẹ̀, tiwọn sì ni "sh" tiwọn. Ohun tó dáa jù ni tábìlì kékeré kan tó ní òpó méjì: bí wọ́n ṣe kọ ọ́, bí ó ṣe yẹ kí ó jẹ́. A jókòó, a kọ ọ́, kò gbà wá tó wákàtí kan. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò ní ìwúrí kankan, n kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tó sàn jù ú lọ.

Lẹ́yìn oúnjẹ ó fi máàpù hàn mí. Èyí ba mí lẹ́rù ju ọ̀pá lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún ló yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká: Ògbómọ̀ṣọ́ Àríwá, Ògbómọ̀ṣọ́ Gúúsù, Ògo Olúwa, Oríire àti Sùúrùlérè. Sùúrùlérè funfun báláú, bíi pé kò sí ọmọ kankan níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ máàpù, Sùúrùlérè ti Èkó pọ́n rokoṣo. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà, àwọn kan sì ń jẹ́ orúkọ kan náà: Sùúrùlérè wà ní Èkó, ó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́; Ìrẹ́pọ̀dùn àti Ifẹ́lódùn wà ní Kwara, wọ́n wà ní Ọ̀ṣun. Nígbà tí ẹ̀rọ kìlọ̀ fún un pé orúkọ kan wà lẹ́ẹ̀mejì nínú fáìlì máàpù, ó rò pé àṣìṣe ni, ó sì pàṣẹ pé kí ó yọ èyí tó jẹ́ àtúnkọ. Ẹ̀rọ dá àkọ́kọ́ sí, ó ju èkejì nù. Lagos ṣáájú Oyo nínú a-b-d. Gbogbo ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ní agbègbè Ìrẹ̀sà-Adú bá di ọmọ Èkó. Ìkòyí náà rí bẹ́ẹ̀: ó ní kí íntánẹ́ẹ̀tì bá òun wá ibi tó wà, íntánẹ́ẹ̀tì sì gbé Ìkòyí-Ilé tó jẹ́ olú-ìlú Oríire lọ sétí òkun. Ìyà tó jẹ Oníkòyí nínú ìtàn ò tó, kọ̀ǹpútà tún lé e dé ọ̀sà.

Ẹ má so tábìlì pọ̀ pẹ̀lú orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan. Ẹ fi orúkọ ìpínlẹ̀ kún un, tàbí kí ẹ lo nọ́ńbà ìdánimọ̀ bí ó bá wà. Nínú pandas, bí ẹ bá fi validate sí àṣẹ merge, yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́ nígbà tí orúkọ kan bá wà lẹ́ẹ̀mejì níbi tí kò yẹ. Bí ẹ bá sì fi indicator sí i, yóò sọ ìlà tí kò rí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ ka iye ìlà kí ẹ tó so wọ́n pọ̀, kí ẹ tún kà á lẹ́yìn rẹ̀. Bí iye náà bá ti yí padà, ẹ dúró.

Àwọn wàhálà tó kù, kéékèèké ni. Ó fi fáìlì CSV ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá fi Excel ṣí i, ṣ sì di á¹£. Ẹ wò ó, àmì pọ́n-ùn òyìnbó wà nínú Ògbómọ̀ṣọ́! Excel ló fi ètò Yúróòpù àtijọ́ ka fáìlì Unicode. Bí ẹ bá fi "utf-8-sig" pamọ́ fáìlì náà láti inú Python, kò ní ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń lo R lórí Windows jìyà irú èyí títí di 2022, kí R 4.2.0 tó dé. Bí tiyín bá ti gbó ju ìyẹn lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí àpótí kéékèèké bá hàn nínú àwòrán níbi tí ọ ti yẹ kó wà, fọ́ǹtì ni kò ní lẹ́tà náà: ẹ yan DejaVu Sans tàbí Noto. Nínú matplotlib, àmì ohùn lè yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà nígbà mìíràn. Ojú ló ń dùn, iye ò bàjẹ́. Bí ẹ bá sì ní kí ẹ̀rọ to orúkọ ìlú ní a-b-d, Ẹdẹ àti Ọ̀yọ́ yóò bọ́ sẹ́yìn Zaria, nítorí pé nọ́ńbà ẹ àti ọ jìnnà sí ti àwọn yòókù. Ètò títò Yorùbá, tó mọ̀ pé ẹ tẹ̀ lé e, tó mọ̀ pé gb tẹ̀ lé g, wà nínú ICU. PyICU ló gbé e wá sínú Python. Àwọn ènìyàn wa ti ṣe púpọ̀ lórí irú nǹkan báyìí, Túndé Adégbọlá àti Alt-i ní Ìbàdàn, Kọ́lá Túbọ̀sún pẹ̀lú iṣẹ́ orúkọ Yorùbá rẹ̀. Nígbà tí mo ń ya ẹ lórí àmì ìdajì, n kò rò pé mo máa rí i.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tó tún àwòrán náà yà. Ọ̀pá kan fún Ọ̀yọ́, ọ̀kan fún Ògbómọ̀ṣọ́, ti Ògbómọ̀ṣọ́ sì ga jù. Sùúrùlérè ti ní àwọ̀. Ó ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ, ó fi ránṣẹ́ sílé.

Àwọn fọ́ọ̀mù díẹ̀ ṣẹ́ kù tí a ò lè yanjú. Ní ibi tí wọ́n ní kí ìyá ọmọ kọ ìlú rẹ̀ sí, OKO ni wọ́n kọ, lẹ́tà ńlá mẹ́ta láìsí àmì, bí fọ́ọ̀mù ṣe pàṣẹ. Ìlú kan wà ní Sùúrùlérè tí ìwé ìjọba ń kọ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó sì lè jẹ́ pé ohun tí obìnrin náà sọ fún nọ́ọ̀sì ni pé oko lòun ń gbé. A fi wọ́n sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ní ní ọjọ́ Mọ́ńdè òun á gun ọ̀kadà lọ bá nọ́ọ̀sì náà, kí ó rántí bí wọ́n ṣe pè é.